Ẹ̀rí Kì í Dáhùn Ohun Tí A Ò Bi Í: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìlànà Ìbánisọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Wò

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1980, ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bí íntánẹ́ẹ̀tì, dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò sẹ́ni tó já wáyà, kò sì sí ọ̀tá kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan sí òmíràn kò kú, àní iṣẹ́ wọ́n lọ́rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìròyìn mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbé kiri láàrin ara wọn, wọn ò sì ráyè gbé ohun mìíràn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ibùdó kọ̀ọ̀kan a máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo ìyókù nípa bí ọ̀nà tó yí i ká ṣe rí, á sì kọ nọ́ńbà láti 0 dé 63 sára ìròyìn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Tí nọ́ńbà bá dé 63, ó ń padà sí 0. Nítorí náà òfin tí wọ́n fi ń mọ tuntun yàtọ̀ sí àtijọ́ ní ẹsẹ̀ méjì: tí nọ́ńbà kan bá fi 32 tàbí iye tó kéré sí i ju èkejì lọ, òun ni tuntun, tó bá sì kéré sí èkejì, ṣùgbọ́n tí àlàfo àárín wọn ju 32 lọ, òun náà ni tuntun, torí a ó gbà pé ó ti yípo dé. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ kan tí ara rẹ̀ ò yá ba ìròyìn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́, ìròyìn mẹ́ta láti ibùdó kan ṣoṣo sì jáde sígboro pẹ̀lú nọ́ńbà 8, 40 àti 44. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 40 jẹ́ tuntun sí 8. 44 jẹ́ tuntun sí 40. 8 sì jẹ́ tuntun sí 44, nítorí àlàfo àárín wọn jẹ́ 36. Ẹ̀rọ tó bá gba ọ̀kan á ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù, á gba èyí tó dé, á sì kéde rẹ̀ fún gbogbo aládùúgbò, títí lọ láìdáwọ́ dúró. Eric Rosen, ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní ilé iṣẹ́ Bolt Beranek and Newman, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 1981 nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 789. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀ ni pé wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀rọ kọ etí ikún sí ohunkóhun tó bá ti ibùdó yẹn wá.

Nọ́ńbà 64 péré ni òfin yìí ń lò. Tí a bá mú wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo ọ̀nà tó wà kò ju 262,144 lọ, kọ̀ǹpútà ọdún 1980 pàápàá lè yẹ̀ wọ́n wò tán kí oúnjẹ tó jinná. Ìyípo náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ òfin. Kò sẹ́ni tó wá a, nítorí gbogbo wọn ti gbà lọ́kàn pé ìròyìn mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ kò lè pàdé lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ fífi ìṣirò yẹ ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wò ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Lójú tèmi, ibi tó ti ṣe wá lóore jù ni ibi tó ti fipá mú wa sọ irú ohun tí a gbà lọ́kàn bẹ́ẹ̀ síta. Ibi tó sì ti já wa kulẹ̀ ni ibi tí a ti gba ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ láìbéèrè ohun tí ẹ̀rí náà jẹ́rìí sí.

Ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ ni àdéhùn tó sọ ohun tí kọ̀ǹpútà kan gbọ́dọ̀ wí fún èkejì, ìgbà tó gbọ́dọ̀ wí i, àti ohun tí yóò ṣe tí kò bá gbọ́ èsì. Bí ẹ bá ṣí ojú ewé báǹkì yín lórí fóònù, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ mélòó kan ló ti ṣiṣẹ́ lórí ara wọn kí ojú ewé náà tó hàn. Lórí ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń sọ síra wọn lọ. Ohun tó sọ wọ́n di ìṣòro ni pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kò ṣeé gbára lé: ọ̀rọ̀ ń sọnù, ọ̀rọ̀ ń pẹ́, èyí tó kọ́kọ́ jáde lè gúnlẹ̀ kẹ́yìn, ẹyọ kan sì lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń dán ìlànà wò nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lè gbìyànjú ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, kí èyí tí yóò bà á jẹ́ má sì sí nínú wọn.

Ní 1969, Bartlett, Scantlebury àti Wilkinson, ní ilé ìwádìí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ National Physical Laboratory, tẹ ìlànà kékeré kan jáde. Ẹni tó ń ránṣẹ́ kọ 0 sára ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, 1 sára ìkejì, 0 sára ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì ní í rán òmíràn àfi tí ẹni tó ń gbà á bá dá nọ́ńbà kan náà padà fún un. Ó kúrú débi pé òun ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣe irinṣẹ́ tuntun fún iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ ń fi dán irinṣẹ́ náà wò títí dòní. Ìlànà tí àwọn àjọ ń fọwọ́ sí kì í kúrú bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 1970 sí 1979, Colin West àti Pitro Zafiropulo, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí IBM ní Zurich, mú ìlànà X.21 tí àjọ tẹlifóònù àgbáyé ti fọwọ́ sí, wọ́n sì kọ prógráàmù tí yóò tọpa gbogbo ipò tí ẹ̀rọ méjèèjì lè bá ara wọn. Àbájáde wọn jáde ní 1978. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn àgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ ti jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò le láti yé èèyàn. Ẹ wo ọpọ́n ayò. Bí ọmọ ayò ṣe wà nínú ihò méjèèjìlá ni ipò. Ìta kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ipò kan di òmíràn. Kọ̀ǹpútà ń ta gbogbo ìta tó ṣeé ta láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kọ gbogbo ipò tó bá dé sílẹ̀, kò sì ní í sinmi àfi tí kò bá sí ipò tuntun mọ́. Tó bá dé ibi tí àwọn méjèèjì ti ń retí ara wọn tí ẹnì kan ò lè ṣe nǹkan kan, tàbí ibi tí ohun tí a ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, yóò tú ọ̀nà tó gbà débẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìtọpa yẹn ni ẹrù iyebíye inú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó kọ ìlànà lè jiyàn pẹ̀lú aláríwísí, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti jiyàn pẹ̀lú ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin.

Ipò náà tètè ń pọ̀ ju agbára lọ. Ẹ̀rọ mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́wàá lè para pọ̀ di bílíọ̀nù mẹ́wàá ipò. Ní 1983, Zafiropulo kan náà àti Daniel Brand fi ìṣirò hàn pé bí a bá gbà kí ọ̀rọ̀ tó ń dúró lójú ọ̀nà láàrin ẹ̀rọ méjì pọ̀ láìní ààlà, kò sí prógráàmù kan tó lè dáhùn fún gbogbo ìlànà bóyá yóò há tàbí kò ní í há. Kì í ṣe pé a ò tíì rí i kọ. Kò lè sí ni. Látìgbà náà, gbogbo ọgbọ́n inú iṣẹ́ yìí wà nínú mímọ ohun tí a ó gé kúrò nínú àwòrán kí kọ̀ǹpútà tó lè rìn ín já, kí ohun tí a gé má sì jẹ́ ohun tí àṣìṣe fara pamọ́ sí. Gerard Holzmann ní Bell Labs ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ẹlòmíràn lè ṣe: ó gbé irinṣẹ́ SPIN jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1991, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì lò ó lórí sọ́fíwíà tẹlifóònù PathStar gan-an, tí wọ́n ń fa àwòrán ìlànà jáde tààrà láti inú kóòdù tí yóò wà lọ́jà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà lélẹ̀, Edmund Clarke, Allen Emerson àti Joseph Sifakis, gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2007.

Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í lo TLA+, èdè tí Leslie Lamport ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, láti 2011. Ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2015 sọ nípa àṣìṣe kan nínú DynamoDB, àpò dátà wọn, tó lè mú kí dátà oníbàárà sọnù. Ìtọpa rẹ̀ tó kúrú jù lọ gba ìgbésẹ̀ 35. Òṣìṣẹ́ ti yẹ kóòdù náà wò, wọ́n ti dán an wò gidigidi, kò hàn. N kò rí ọmọ aráyé tí yóò fi orí ara rẹ̀ ronú ìgbésẹ̀ 35 tí gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá nígbà tí a bá fi olè kún un. Láìsí olè, ibi tí nǹkan lè bàjẹ́ sí kò ju ibi tí àgbákò bá gbé e lọ. Olè ń yan èyí tó burú jù lọ. Danny Dolev àti Andrew Yao gbé àwòrán olè kan kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989 tí gbogbo ayé ṣì ń lò: olè náà ló ni gbogbo ọ̀nà. Ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó lè dá a dúró, ó lè yí i padà, ó lè rán tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni kó ṣí ohun tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì tí kọ́kọ́rọ́ náà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn tó mú kí ayé gbà pé iṣẹ́ yìí wúlò ni ti ìlànà Needham àti Schroeder. Roger Needham àti Michael Schroeder tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978, ìdí rẹ̀ sì ni kí ẹni méjì tí wọn ò rí ojú ara wọn lè mọ̀ dájú pé àwọn ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn méjèèjì ní Àlàkẹ́ àti Báyọ̀. Olúkúlùkù ní àgádágodo tó fi síta fún gbogbo ayé, òun nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àlàkẹ́ fi nọ́ńbà àṣírí kan àti orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, ó fi àgádágodo Báyọ̀ tì í. Báyọ̀ ṣí i, ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ kún ti Àlàkẹ́, ó fi àgádágodo Àlàkẹ́ ti méjèèjì, ó dá a padà. Àlàkẹ́ rí nọ́ńbà tirẹ̀, ó mọ̀ pé Báyọ̀ ló ṣí i, ó sì dá nọ́ńbà Báyọ̀ padà fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ní 1989, Needham fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Michael Burrows àti Martín Abadi, tẹ ọgbọ́n ìrònú tí wọ́n ń pè ní BAN jáde fún yíyẹ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n gbé èyí náà gba inú rẹ̀, kò sì rí ihò tí mo fẹ́ sọ yìí.

Gavin Lowe, ní Oxford, ló rí i ní 1995. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó fi hàn bí irinṣẹ́ FDR, tó ń rin gbogbo ipò já, ṣe lè hú u jáde fúnra rẹ̀. Ẹ fi ẹnì kẹta kún un, kí a pè é ní Gbájúẹ̀. Òun náà ní àgádágodo tirẹ̀, ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bíi tiwọn. Àlàkẹ́ fẹ́ bá Gbájúẹ̀ sọ̀rọ̀, láìfura: ó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Gbájúẹ̀ ṣí i, ó fi àgádágodo Báyọ̀ tún un tì, ó fi ránṣẹ́ sí Báyọ̀ bí ẹni pé Àlàkẹ́ ló rán an. Báyọ̀ fèsì, ó fi àgádágodo Àlàkẹ́ tì í. Gbájúẹ̀ ò lè ṣí èsì náà, kò sì fẹ́ ṣí i. Ó kàn gbé e lé Àlàkẹ́ lọ́wọ́. Àlàkẹ́ rí nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, ó rò pé Gbájúẹ̀ ló fèsì, ó sì fi nọ́ńbà kejì ránṣẹ́ padà sí Gbájúẹ̀. Gbájúẹ̀ ṣí i. Nọ́ńbà àṣírí Báyọ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fi í ránṣẹ́ sí Báyọ̀, Báyọ̀ sì gbà pé Àlàkẹ́ lòun ń bá sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀.

Kò ṣí àgádágodo kankan. Kò jí kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe Lowe kò ju pé kí Báyọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kejì, kí Àlàkẹ́ lè rí i pé kì í ṣe ẹni tóun rò ló ń dá òun lóhùn. Ọdún 17 ni ihò náà fi wà nílẹ̀. Àwọn kan sọ pé kì í ṣe àṣìṣe Needham àti Schroeder, torí láyé ìgbà yẹn wọ́n gbà pé ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe olè. Ìta ni olè ti ń wá. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn méjèèjì ti kìlọ̀ nínú ìwé wọn pé irú ìlànà yìí lè ní àṣìṣe tíntìntín tí lílò ojoojúmọ́ kò ní í fi hàn, àti pé a nílò ọ̀nà tí a ó fi máa yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀ ni irú èèyàn tí wọ́n rò pé yóò máa lò ó.

Àwọn irinṣẹ́ tó dé lẹ́yìn èyí lágbára gan-an. ProVerif, tí Bruno Blanchet ṣe ní ilẹ̀ Faransé, àti Tamarin, tó bẹ̀rẹ̀ ní ETH Zurich, lè yẹ ìlànà wò fún iye ìjíròrò tí kò lópin lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Ìyẹn ni wọ́n fi ń bá ìlànà tó tóbi jà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Wáífáì fi hàn pé agbára irinṣẹ́ nìkan kọ́.

Tí fóònù yín bá fẹ́ wọ Wáífáì, òun àti ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì á sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin síra wọn kí wọ́n lè jọ ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Stanford, John Mitchell wà lára wọn, tẹ ẹ̀rí ìṣirò jáde pé ìlànà ọlọ́rọ̀ mẹ́rin yìí mọ́: kọ́kọ́rọ́ náà kò ní í tú sí ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹni tó yẹ ló sì ń bá ẹni tó yẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí náà tọ́ nígbà yẹn, ó tọ́ lónìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Mathy Vanhoef ti KU Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù kéde ìkọlù tó pè ní KRACK. Ó ṣàkíyèsí pé tí ọ̀rọ̀ kẹta bá sọnù, ìlànà gbà kí wọ́n tún un rán. Fóònù tó bá sì gbà á lẹ́ẹ̀kejì yóò tún kọ́kọ́rọ́ kan náà fi sípò, yóò sì dá nọ́ńbà tó fi ń ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ lo nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan náà. Tó bá lò ó, àṣírí ń tú. Ẹ̀dà kan nínú sọ́fíwíà Linux àti Android 6 burú ju èyí lọ: kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ń fi sípò.

Kọ́kọ́rọ́ náà kò tú sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ṣe sọ. Ẹ̀rí náà kò sọ iye ìgbà tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ kan sípò, torí kò sẹ́ni tó bi í. Mo ti rí ẹni tó fi KRACK ṣe ẹ̀sùn sí iṣẹ́ yìí lápapọ̀, pé kí ni àǹfààní ẹ̀rí tí olè ṣì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn náà kò tọ́. Ẹni tó bi ilẹ̀kùn pé ṣé ó tì, tí kò bi fèrèsé, kò yẹ kó bínú sí ilẹ̀kùn.

Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ yìí ti dára jù lọ ni TLS 1.3, ìlànà tó ń ti ọ̀rọ̀ láàrin fóònù yín àti báǹkì. Àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣáájú jáde sí gbangba kí àwọn olùwádìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò, léraléra ni wọ́n sì ń rí ihò tí wọ́n á sáré dí. Fún ẹ̀dà 1.3, àjọ IETF, pẹ̀lú Eric Rescorla gẹ́gẹ́ bí olóòtú, pe àwọn olùwádìí wọlé nígbà tí ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì. Wọ́n kọ àkọsílẹ̀ ìgbìdánwò 28 kó tó di RFC 8446 ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Nígbà tí wọ́n wà ní ìkẹwàá, Cas Cremers àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Tamarin wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí oníbàárà bá padà wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, tí wọ́n sì tún ní kó fi ẹni tó jẹ́ hàn lẹ́yìn tí ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀. Tamarin gbé olè kan jáde tó lè dúró láàrin, kó sì di oníbàárà náà lójú báǹkì. Wọ́n tún un kọ. Kò sí owó ẹnikẹ́ni tó sọnù, kò sì sí ìkéde pàjáwìrì. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó dára jù níbẹ̀ kò fi ní orúkọ tí ayé mọ̀ bíi KRACK.

Síbẹ̀, ní 2019, Nir Drucker àti Shay Gueron ní Ísírẹ́lì tẹ ihò kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Selfie: tí ẹni méjì bá ti jọ ní kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀, olè lè dá ọ̀rọ̀ Àlàkẹ́ padà fún Àlàkẹ́ fúnra rẹ̀, yóò sì rò pé Báyọ̀ lòun ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rí kò rò ó pé èèyàn lè máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmọ̀.

Káàdì ATM náà ní ìlànà tirẹ̀, EMV, tí àlàyé rẹ̀ kún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé. Ní 2020, David Basin, Ralf Sasse àti Jorge Toro-Pozo ti ETH Zurich kọ gbogbo rẹ̀ sí èdè Tamarin, wọ́n sì rí i pé nínú ti Visa tí a kàn ń fi káàdì súnmọ́ ẹ̀rọ, apá kan ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé a ti dá ẹni tó ni káàdì mọ̀ kò ní ìbuwọ́lù kankan lára. Wọ́n fi fóònù Android méjì yí i padà lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi káàdì ara wọn ra ọjà olówó ńlá láìtẹ PIN. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òfin jáde lórí irú ìsanwó yìí ní 2023, ó sì fi gbèdéke sí iye tó lè kọjá. Gbèdéke dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé gbèdéke gan-an ni ẹgbẹ́ Zurich fò kọjá.

Nígbà tí ìlànà bá mọ́ tán, ó ku kóòdù. Heartbleed, ihò tó da ayé láàmú ní oṣù kẹrin ọdún 2014, kì í ṣe ẹ̀bi ìlànà rárá: RFC 6520 sọ ọ́ kedere pé tí ẹnì kan bá ní òun rán ọ̀rọ̀ tó gùn ju èyí tó rán lọ, kí a jù ú nù. Àwọn tó kọ OpenSSL, sọ́fíwíà tí ihò náà wà nínú rẹ̀, kò kọ ìlà yẹn sínú kóòdù. Ìdáhùn àwọn kan ni pé kí a má yẹ ìlànà nìkan wò mọ́, kí a kọ kóòdù pẹ̀lú ẹ̀rí tirẹ̀ nínú. Firefox 57 ti ọdún 2017 gbé irú rẹ̀ láti inú àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ HACL*. Nípa èyí, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Pedro Fonseca àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington. Ní 2017, wọ́n mú sọ́fíwíà mẹ́ta tí a ti fi ẹ̀rí kọ, IronFleet, Verdi àti Chapar, wọ́n sì wá àṣìṣe inú wọn. Wọ́n rí 16. Kò sí ọ̀kan tó wà nínú ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìyìn ńlá. Ibi tí ẹ̀rí ti pàdé ohun tí kò ní ẹ̀rí ni púpọ̀ nínú wọn wà, bíi ibi tí kóòdù náà ti gbà pé díìsìkì yóò kọ gbogbo ohun tí a bá ní kó kọ. Ìyókù wà nínú àlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rí hàn, àti nínú irinṣẹ́ tó ń yẹ ẹ̀rí wò.

Ìlànà kan ṣì kù tó kan ilẹ̀ wa gan-an. BGP ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń sọ fún ara wọn ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ dé ibi gbogbo. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu fúnra rẹ̀ ọ̀nà tí yóò fẹ́, gẹ́gẹ́ bí owó àti àdéhùn rẹ̀. Timothy Griffin àti Gordon Wilfong ní Bell Labs fi hàn ní 1999 pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rin péré lè fẹ́ ohun tí yóò mú kí wọ́n máa yí ọ̀nà padà láìdúró, láìsí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú wọn. Mímọ̀ ṣáájú bóyá yóò rí bẹ́ẹ̀ sì le fún kọ̀ǹpútà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń pọ̀ sí i. Ìlànà náà lè mọ́ kí ohun tí a kọ sínú ráútà má mọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ Google gba Èkó. MainOne, ilé iṣẹ́ tó ni wáyà abẹ́ òkun láti Pọ́túgà wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ń ṣe àtúnṣe tó ti wà lórí ètò, asẹ́ tó yẹ kó dá ọ̀nà kan dúró kò sì rí bó ṣe yẹ. Ọ̀nà tí wọ́n gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Google ni wọ́n tún kéde fún China Telecom. China Telecom gbà á, ó gbé e síta, ó sì dé Rọ́ṣíà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ Google forí lé Ṣáínà, ó sì kú sójú ọ̀nà. Àwọn kan ti ń pariwo pé amí ni kí MainOne tó jáde sọ pé àṣìṣe àwọn ni, àwọn sì ti tún un ṣe láàrin ìṣẹ́jú 74. Mo bọ̀wọ̀ fún ìkéde yẹn. China Telecom náà ní ẹjọ́ láti jẹ́, torí kò yẹ kí wọ́n gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ MainOne láìbéèrè.

Irinṣẹ́ tó lè rí irú èyí ṣáájú ti wà nígbà náà. Peyman Kazemian, George Varghese àti Nick McKeown ti fi hàn ní 2012 bí a ṣe lè ka gbogbo òfin inú ráútà bí ìṣirò kan ṣoṣo, kí a sì béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ lè dé àti ibi tí kò lè dé. Batfish, tó jáde ní 2015, ń gba fáìlì ètò ráútà bó ṣe wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Facebook ní irinṣẹ́ tirẹ̀ tó ń yẹ àṣẹ wò kó tó dé orí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, bọ́ọ̀gì kan nínú irinṣẹ́ náà jẹ́ kí àṣẹ burúkú kan kọjá, Facebook, WhatsApp àti Instagram sì kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún bíi wákàtí mẹ́fà.

Kò sẹ́ni tó lè yẹ BGP gbogbo ayé wò lẹ́ẹ̀kan, nítorí ilé iṣẹ́ kì í fi àdéhùn wọn han ara wọn. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí olúkúlùkù yẹ tirẹ̀ wò, ìbéèrè tí ìṣẹ̀lẹ̀ Èkó yẹn ń fẹ́ sì kúrú: nínú gbogbo ọ̀nà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlẹgbẹ́ mi kan, ǹjẹ́ a rí èyí tí màá tún kéde fún ẹlẹgbẹ́ mìíràn? Batfish lè fi fáìlì ètò dáhùn irú rẹ̀ kí àtúnṣe tó kan ráútà kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹni tó jẹ́ oníbàárà àti ẹni tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú rẹ̀.